Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Iná Lé Ará Abà Wọ̀lú: Ìrántí Ọdún 1982 sí 1983 ní Lánlátẹ̀ àti Ilẹ̀ Ìbàràpá

Láàárín ìparí ọdún 1982 àti oṣù kẹrin ọdún 1983, ẹ̀ẹ̀rùn kan dé bá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí àwọn àgbẹ̀ tó fojú rí i kò lè gbàgbé, nítorí pé òjò ti dáwọ́ dúró ṣáájú àkókò, ọyẹ́ sì pẹ́ nílẹ̀ ju bó ti máa ń pẹ́ lọ, débi pé iná tí ó máa ń jó pápá lọ́dọọdún, tí ó sì máa ń kú fúnra rẹ̀ bí ó bá ti dé etí igbó, kò kú mọ́ lọ́dún náà, ó wọ inú igbó lọ, ó sì jẹ oko kòkó, oko kọfí, àká àti abà láti Côte d'Ivoire títí dé Nàìjíríà. Ìrántí yìí dá lórí bí àwọn ará Lánlátẹ̀ àti àwọn ìlú Ìbàràpá yòókù ṣe ń bá irú iná bẹ́ẹ̀ gbé ní sáà náà, bí wọ́n ṣe ń sá fún un nígbà tí agbára wọn kò bá ká a mọ́, àti ètò àtọdúnmọ́dún tí ó máa ń dáàbò bò wọ́n kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀.

Lánlátẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n ń pè ní Ìbàràpá méje, àwọn mẹ́fà yòókù sì ni Ìgàngán, Ayétẹ̀, Tápà, Ìdèrè, Ìgbò-Ọrà àti Èrúwà. Ní ọdún 1983, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ tóbi ju ti òde òní lọ, nítorí pé ọdún 1991 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó yà kúrò lára rẹ̀. Ilẹ̀ Ìbàràpá wà láàárín Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ọ̀kè-Ògùn, ó sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn, èyí tí í ṣe ilẹ̀ koríko gíga tí igi dúró káàkiri inú rẹ̀ láìfi orí kan orí bí ti igbó kìjikìji. Àwọn onímọ̀ nípa ewéko gbà pé púpọ̀ nínú ọ̀dàn yìí kì í ṣe ọ̀dàn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, pé igbó ni ó wà níbẹ̀ kí ọkọ́ àgbẹ̀ àti iná ọdọọdún tó sọ ọ́ di pápá, igbó tí ó sì ṣẹ́kù sí etí àwọn odò jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà. Òjò ibẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó sì máa ń parí ní oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí ó bá ti mú kí èrúwà, eèsún àti ẹkan ga kọjá orí àgbàlagbà. Nígbà náà ni ọyẹ́, ìyẹn atẹ́gùn gbígbẹ tí ó ń ti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá láti àríwá ìlà-oòrùn, á fa omi ara koríko náà gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pápá gbígbẹ kan ṣoṣo á sì nà láti ẹ̀yìnkùlé abà kan dé ẹ̀yìnkùlé èkejì.

Ẹni tí yóò bá lóye bí àwọn ènìyàn ṣe ń sá fún iná ní Ìbàràpá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé. Àgbẹ̀ Ìbàràpá a máa ní ibùgbé méjì. Èkíní ni ilé rẹ̀ nínú ìlú, nínú agbo-ilé tí wọ́n bí i sí, níbi tí sàréè àwọn baba rẹ̀ wà, tí ó ń lọ fún ọdún, ìgbéyàwó àti òkú ṣíṣe. Èkejì ni abà, ìyẹn ìletò kékeré tí ó sún mọ́ oko, tí ìdílé díẹ̀ jọ ń gbé, tí ó sì lè jìnnà sí ìlú tó ìrìn wákàtí púpọ̀. Abà yàtọ̀ sí ahéré, nítorí pé ahéré jẹ́ àtíbàbà tàbí yàrá kan ṣoṣo tí àgbẹ̀ fi ń sinmi tàbí tí ó ń kó irè sí, ṣùgbọ́n abà ní baálẹ̀ tirẹ̀, ó ní ààrò, àgọ́ adìyẹ àti ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Inú abà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún. Ní àkókò tí ìrántí yìí ń sọ, páànù ti bo ọ̀pọ̀ ilé tí ó wà nínú ìlú, ṣùgbọ́n koríko ni ó ṣì bo ọ̀pọ̀ ilé abà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn tí wọ́n sún mọ́ iná jù ni òrùlé wọn rọrùn fún iná jù. Síbẹ̀, ibùgbé méjì yìí náà ni ààbò wọn. Ẹni tí iná bá lé kúrò ní abà kò nílò kí ìjọba pàgọ́ fún un, nítorí pé ó mọ ilé tí ó ń lọ, àwọn ará ilé náà sì mọ̀ ọ́n.

Kò sí iná pápá tí ó ń ti ojú ọ̀run bọ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní, nítorí pé mànàmáná kì í sí nígbà ọyẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ni í dá gbogbo rẹ̀. Darandaran Fúlàní a máa sun pápá ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì ní ìwọ̀nba omi, kí koríko tútù lè hù fún màlúù. Ọdẹ a máa dáná sí i nígbà tí ó bá ti gbẹ dáadáa, kí ó lè lé ọ̀yà àti ehoro jáde síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ajá wọn ti ń dúró dè é. Àgbẹ̀ tí ó ń palẹ̀ oko tuntun mọ́ a máa sun ún ní oṣù kejì tàbí ìkẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ẹni tí ó ń fi ìtùfù fín oyin, ẹni tí ó ju sìgá sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àti obìnrin tí ó dáná irú sídìí igi láìpa ẹyín iná rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n lè sun abà tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí iná bá ti jẹ oko tán, ọdẹ á ní darandaran ni, darandaran á ní àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ á sì ní ọdẹ ni, ẹjọ́ náà kì í sì í tán bọ̀rọ̀ láàfin. Àmọ́ ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì ju ẹni tí ó dáná lọ ni ìgbà tí ó dá a.

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà nítòsí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní Olókèméjì, igbó ọba tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1899 létí odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, tí kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Ìbàràpá rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka igbó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1929. Wọ́n ya abala ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ nínú ọ̀dàn: wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọọdún, wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tí Charter àti Keay, àwọn onímọ̀ igbó méjì, yẹ ilẹ̀ náà wò lẹ́yìn ọdún 28, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1960, ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Abala tí iná kò kàn ti ń di igbó padà, igi inú rẹ̀ ti fi orí kan orí, koríko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ wọn. Abala tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ pápá, igi inú rẹ̀ kò tó nǹkan, iná sì ti fi àpá sára èyí tí ó wà. Abala tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn wà láàárín méjèèjì, koríko wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi pọ̀ níbẹ̀ ju ti abala tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ dáadáa.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní oṣù kejìlá, ìdí koríko ṣì tutù, ìrì ṣì ń sẹ̀ lóru, nítorí náà iná á rìn jẹ́jẹ́, á rẹlẹ̀, á fo àwọn ibì kan sílẹ̀, á sì kú bí ó bá ti kan ilẹ̀ olómi. Ní oṣù kejì, kò sí ohun tí yóò dá a dúró: èèpo igi ti gbẹ, ewé tí ó wọ́ sílẹ̀ ti pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń tì í lẹ́yìn. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù fún ará abà ni pé pápá tí ó ti jó ní oṣù kejìlá kò ní ohun tí yóò jó mọ́ ní oṣù kejì. Àwọn àgbà Ìbàràpá kò ka ìwé Charter àti Keay, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá sun ẹ̀yìn abà. Sísun ẹ̀yìn abà ni kí gbogbo ọkùnrin abà pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ kan tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ́ ro ilẹ̀ gbòòrò yí ilé àti àká ká títí tí yóò fi di ilẹ̀ pupa lásán, kí wọ́n tó ti iná bọ koríko tí ó wà lóde ibi tí wọ́n ro náà, kí wọ́n sì mú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́ láti fi lù ú pa bí ó bá fẹ́ yà bàrá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn abà tí ó múlé gbè wọ́n kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tí kò bá ránṣẹ́ ti di arúfin, bí iná rẹ̀ kò tilẹ̀ ba ohunkóhun jẹ́.

Koríko òrùlé náà tún ní ipa tirẹ̀ nínú ètò yìí. Bẹẹrẹ ni koríko tí Yorùbá ilẹ̀ ọ̀dàn fi ń bo ilé, ó sì níyì tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún bẹẹrẹ, nínú èyí tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń gbé koríko náà wá sí ààfin Ọ̀yọ́, fi wà lára àwọn ọdún ńlá tí Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921. Ẹni tí ó bá dáná sí pápá kí àwọn ènìyàn tó gé bẹẹrẹ tán ti sun òrùlé gbogbo ìlú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó nílò ọlọ́pàá láti mọ ìgbà tí iná jẹ́ èèwọ̀. Ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni ètò náà ti kọ́kọ́ yẹ̀, nítorí pé bí páànù ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye àwọn tí wọ́n nílò bẹẹrẹ ń dín kù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì rí ìdí mọ́ tí wọ́n fi ní láti dúró de ara wọn. Pápá fúnra rẹ̀ náà ti yí padà. Ewéko kan tí ó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tí ó sì tàn ká gúúsù Nàìjíríà láti nǹkan bí àwọn ọdún 1940, èyí tí àwọn kan ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú (òṣèlú kì í fi ewé lásán sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá), ti bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ kó sinmi. Ní ìgbà òjò ó ń sọ ilẹ̀ jí, àgbẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, igi rẹ̀ tín-ín-rín á gbẹ ganrangan, yóò sì gbé iná láti inú pápá wọ etí igbó tí iná kì í dé tẹ́lẹ̀.

Orí irú ilẹ̀ báyìí ni ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1982 sí 1983 bá. Lọ́dún náà, omi òkun Pàsífíìkì gbóná kọjá ààlà ní apá ìlà-oòrùn rẹ̀, ìyẹn ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè ní El Niño, tí ó máa ń da ètò òjò rú ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, ti ọdún yẹn sì wà lára àwọn tí ó le jù ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Igbó ńláńlá jó ní erékùṣù Borneo ní Indonéṣíà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 1983, iná jó ìpínlẹ̀ méjì ní gúúsù ìlà-oòrùn Ọsirélíà, ó sì pa ènìyàn 75. Ní Côte d'Ivoire, iná pa ènìyàn tí ó lé ní 100, ó sì run oko kọfí àti kòkó rẹpẹtẹ. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó tí wọn kò ka iná pápá sí ewu tiwọn rí, nítorí pé inú igbó ni oko wọn wà, rí i tí iná ń gba abẹ́ kòkó kọjá lórí ewé gbígbẹ.

Ti Gánà ni ó burú jù, ó sì kan Nàìjíríà lọ́nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi so pọ̀ mọ́ iná. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí wọ́n lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan, tí ọmọ Gánà pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kó ẹrù wọn sínú àpò tí wọ́n ń pè ní Ghana Must Go títí dòní, wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu lọ, ọ̀nà sì há mọ́ wọn ní Bẹ̀nẹ̀ nítorí pé ìjọba Jerry Rawlings ti ti ẹnubodè Gánà pẹ̀lú Tógò pa láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ìparí oṣù kìíní ni wọ́n tó ṣí i. Ilẹ̀ tí wọ́n padà sí ń jó lọ́wọ́. Iná ti jẹ oko oúnjẹ àti oko kòkó, odò Volta ti fà débi pé iná mọ̀nàmọ́ná láti ìsédò Akosombo di ohun tí wọ́n ń fi ìwọ̀n pín, ebi sì mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Gánà fi ń pe egungun ọrùn tí ó yọ sí wọn lára ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Kòkó tí Gánà kó ní sáà 1983 sí 1984 kò ju nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní 500,000 ní àárín àwọn ọdún 1960. Àwọn tí Nàìjíríà lé wọ̀nyí sá kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, wọ́n sì bọ́ sọ́wọ́ iná.

Ní Ìbàràpá, ọ̀nà tí wọ́n ń sá kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà tirẹ̀. Màjàlà, ìyẹn eérú koríko jíjó tí afẹ́fẹ́ máa ń gbé káàkiri, ni ó máa ń kọ́kọ́ dé abà. Àwọn ará abà mọ̀ ọ́n kà: màjàlà dúdú tí ó tutù túmọ̀ sí pé iná ṣì jìnnà, ó sì lè gba ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ṣì ní ẹyín iná pupa létí túmọ̀ sí pé ó ti dé ìtòsí, pé kí àwọn ọmọ gun orí òrùlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tútù. Lẹ́yìn màjàlà ni àwòdì, tí wọ́n máa ń yí po lókè iná nítorí àwọn tata àti alángbá tí ó ń sá jáde. Lẹ́yìn náà ni ariwo, nítorí pé pòròpórò eèsún máa ń dún bí ìbọn bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá gbóná. Agbára iná máa ń pọ̀ jù láti nǹkan bí agogo mọ́kànlá àárọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn mú, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́ kíkankíkan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, afẹ́fẹ́ á rọ̀, iná á sì rẹlẹ̀. Nítorí èyí, ọgbọ́n àgbà ni pé kí obìnrin, ọmọdé àti arúgbó kúrò ní òwúrọ̀ kùtù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí wọ́n má ṣe dúró di ọ̀sán.

Àwọn ọkùnrin tí wọ́n bá ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń fi iná pàdé iná. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé wọ́n á dáná tiwọn láti ẹ̀bá ilẹ̀ tí wọ́n ti ro, wọ́n á sì jẹ́ kí ó máa jó lòdì sí afẹ́fẹ́ lọ pàdé iná ńlá tí ó ń bọ̀, kí ìyẹn lè dé ibi tí kò sí koríko mọ́. Iṣẹ́ tí ó nílò ìfarabalẹ̀ ni, nítorí pé bí wọ́n bá pẹ́ jù, iná méjì á ká wọn mọ́ àárín, bí wọ́n bá sì yá jù, iná tiwọn fúnra wọn lè yí padà bí afẹ́fẹ́ bá yí. Omi kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Odò ti gbẹ, èyí tí ó wà nínú àmù kò tó mu. Ohun tí ó máa ń ba ìṣirò wọn jẹ́ jù ni ọ̀pẹ. Imọ̀ gbígbẹ tí ó rọ̀ sí ara ọ̀pẹ tí wọn kò rẹ́ a máa fa iná gun orí rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì gbé imọ̀ tí ó ń jó fo ọ̀nà, fo ilẹ̀ ríro, lọ sọ̀ ọ́ sórí òrùlé.

Ẹrù tí wọ́n bá rù fi ohun tí ó ṣe iyebíye sí àgbẹ̀ hàn. Irúgbìn ni ó máa ń ṣáájú: ẹ̀gúsí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn, èèbù iṣu bí agbára bá gbé e, àgbàdo tí wọ́n so kọ́ òkè ààrò tí èéfín ti mú dúdú. Lẹ́yìn èyí ni ewúrẹ́ àti adìyẹ, kẹ̀kẹ́ bí ó bá wà, ẹní àti aṣọ. Ìkòkò àti ọlọ wà nílẹ̀, nítorí pé iná kì í jẹ amọ̀ àti òkúta. Àwọn kan a máa gbẹ́ kòtò, wọ́n á kó ohun tí wọn kò lè rù sínú rẹ̀, wọ́n á sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ìnira kan wà tí ó jẹ́ ti Ìbàràpá ní sáà náà ní pàtàkì. Sòbìà, ìyẹn aràn gígùn tí ó ń wọ ara ènìyàn láti inú omi ìdọ̀tí, tí ó sì ń jáde láti ẹsẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́pọ̀ ní àgbègbè náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ìlera Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ètò ìlera kan ní Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, fi ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí rẹ̀ ní Ìdèrè ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni sòbìà máa ń jáde jù, ìyẹn ni pé oṣù tí iná ń lé ènìyàn gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe arúgbó àti ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ń gbé ọkùnrin géńdé lórí kẹ̀kẹ́ tàbí lẹ́yìn, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n dúró pa iná.

Ìròyìn iná kò sì ní ọ̀nà tí ó yá ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ. Lánlátẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ibùdó ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwo ńlá rẹ̀ ni ó sì ń gbé ohùn tẹlifóònù láti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun. Ní ọdún 1983, ohùn lè ti Lánlátẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lè sọ fún abà kan pé abà kejì ti ń jó, àfi ọmọkùnrin tí wọ́n bá ní kó sáré lọ. Ó ṣòro láti rí àpẹẹrẹ mìíràn tí ó fi hàn tó bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n ń kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún.

Nínú ìlú, agbo-ilé ni ó ń gba àwọn tí iná lé. Wọn kì í pè wọ́n ní àlejò, nítorí pé ọmọ ilé ni wọ́n, ṣùgbọ́n yàrá kan tí ó ń gba ènìyàn mẹ́rin lè di ti mẹ́wàá, kànga agbo-ilé á sì tètè tán. Làfún, ìyẹn ìyẹ̀fun gbágùúdá tí àwọn ará Ìbàràpá fẹ́ràn púpọ̀, ni ó máa ń gbà wọ́n, nítorí pé gbágùúdá wà nínú ilẹ̀, iná kì í sì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀; ẹni tí gbogbo ewé oko rẹ̀ jó ṣì lè padà lọ hú u. Irè tí ó wà lókè ilẹ̀ ni ó ṣòfò: ẹ̀gúsí tí wọn kò tíì tà, ọkà bàbà àti àgbàdo nínú àká, ẹ̀wà, kòkó fún àwọn tí wọ́n ní in. Ọdún náà kò sì bọ́ sí ọdún ọrọ̀. Owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, ìjọba ti kéde ìfowópamọ́ láti ọdún 1982, oúnjẹ wọ́n, ìdìbò oṣù kẹjọ ọdún 1983 sì gba gbogbo etí tí ì bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí àká rẹ̀ jó, kí àwọn ológun tó gba ìjọba ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún náà. Ọ̀wẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí ẹnì kan ń bẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn sí tí ó sì ń bọ́ wọn lọ́jọ́ náà, ni wọ́n fi ń tún abà kọ́ nígbà tí òjò bá ti rọ̀ tó láti po amọ̀. Àwọn kan kò padà mọ́, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti ń wá ìdí láti lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

Lẹ́yìn ọdún náà, ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè tí iná bà jẹ́ ṣe òfin. Gánà ṣe Òfin 46 ti ọdún 1983 láti dènà iná ìgbẹ́, Côte d'Ivoire sì dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀ ní ọdún 1986 fún ààbò igbó àti ìgbógunti iná. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀ lórí rédíò àti lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun ìgbẹ́ mọ́ rárá. Òfin tí ó ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ sun irè oko ẹlòmíràn dára, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ pé kí iná má ṣe jó rárá kò bá ilẹ̀ ọ̀dàn mu. Àwọn tí ó ń gbọ́ràn sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ni àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń sun ẹ̀yìn abà ní oṣù kejìlá pẹ̀lú ìránṣẹ́ àti ìṣọ́ra; ọdẹ tí ó ń dáná lóru ní oṣù kejì kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí àwọn àkọ́kọ́ bá sì dáwọ́ dúró, koríko tí ó yẹ kó ti jó díẹ̀díẹ̀ á kóra jọ de ìkejì. Ìwádìí Olókèméjì ti wà nínú ìwé fún ọdún 23 kí iná 1983 tó dé, kò sì sí ẹ̀rí pé ó dé etí àwọn tí ń ṣe ìkìlọ̀ náà.

Ilẹ̀ Ìbàràpá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí olú-ilé wọn wà ní Èrúwà, Ìgbò-Ọrà àti Ayétẹ̀, Lánlátẹ̀ sì wà lábẹ́ ti Èrúwà. Ó yẹ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe àwọn ọba, olórí ọdẹ, baálẹ̀ abà àti aṣáájú àwọn darandaran jọ ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí òjò tó lọ tán, kí wọ́n jọ dá ọjọ́ tí sísun ẹ̀yìn abà yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí iná yóò di èèwọ̀ títí òjò yóò fi dé, kí wọ́n sì jẹ́ kí akéde àti rédíò kéde ọjọ́ méjèèjì ní gbogbo ọjà, ní èdè Yorùbá àti ní èdè Fúlàní.